Ẹyin Ìjọba

Ọmọ lè jáde nílé-ìwé Ìyáàfin Fúnlọ́lá Lágúnjú láìmọ ìsọdipúpọ̀ mẹ́sàn-án. Ìyẹn ṣeé fara mọ́. Ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ló wà nígboro Ifẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì ń jẹ oyè lórí oyè. Ṣùgbọ́n kí ọmọ jáde níbẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kó máa fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, tàbí kó máa pe ẹni tó jù ú lọ ní "ìwọ", ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ níṣojú obìnrin yìí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni, lápá Òkè-Ogbó, òun sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Òrùlé ilé-ìwé náà ń jò, ìjì ti gbé ilẹ̀kùn kan lọ, ewúrẹ́ àdúgbò sì ń wá sí kíláàsì déédéé ju àwọn ọmọ mìíràn lọ. Síbẹ̀, bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, ìkíni tí àwọn ọmọ á kí ọ á pọ̀ débi tí wàá gbàgbé ibi tí ò ń lọ.

Nínú gbogbo òfin tí Ìyáàfin Lágúnjú gbé kalẹ̀, ti oúnjẹ ló fi ń yangàn jù. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi ṣíbí kan ẹnu bí àgbàlagbà bá wà nítòsí, àfi tó bá kọ́kọ́ wí pé, "Ẹ wá jẹun." Kí la tún fẹ́ ṣàlàyé nínú ìyẹn? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A sì mọ èsì rẹ̀: àgbà á ní, "Ó á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó pè ọ́ kò retí pé kó o jókòó, ìwọ tí wọ́n pè náà ò sì ní ìjókòó lọ́kàn. Ìkíni lásán ni, bíi ká bi èèyàn pé ṣé ó sùn dáadáa.

Oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ náà kò tó nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n Mùnírátù tó ń sè é máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n rọra mu ún, kó má bàa jó wọn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí ìdí tí wọ́n á fi wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Sùmáyà, ọmọ kíláàsì kejì, tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ. Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń yọjú sílé-ìwé. Ọjọ́ yòókù, ó wà lójú títì Ẹdúnàbọ̀n pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan ni rédíò wá kéde pé ìjọba ti fi owó gidi kún owó oúnjẹ àwọn ọmọ. Ìrẹsì máa wà, ẹ̀wà tó ki máa wà, tó bá sì di Ọjọ́bọ̀, odidi ẹyin sísè kan máa wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Odidi. Ìyáàfin Lágúnjú di Mùnírátù mú, wọ́n jó yí ìdáná ká, ewúrẹ́ tó wà ní kíláàsì kẹta sì fò jáde gba ojú fèrèsé. Kí oṣù tó parí, àwọn ọmọ ti kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Sùmáyà kò pa ọjọ́ kan jẹ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, nígbà tó sì ti mọ̀ ọ́n tán, kò jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi: àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yìn ọkọ̀, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó bá ti rí ló ń kà jáde sókè. Ìyáàfin Lágúnjú fẹ́ràn ọmọ náà débi tó máa ń ṣe bí ẹni ń bá a wí, kí àwọn yòókù má bàa mọ̀.

Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ ò dùn sí gbogbo èyí. Àbúrò Ìyáàfin Lágúnjú ni, Adésọjí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ètò ọrọ̀ ajé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú náà ló sì ń bá a jiyàn. Èrò tirẹ̀ ni pé èèyàn lè da owó sínú ètò ìjọba títí ọrùn á fi wọ́ ọ, kò ní kan ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dà á. Ó ní ìwé tó kún yàrá wà tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé ta ló san owó ilé-ìwé tirẹ̀ nígbà tí bàbá wọn kú, ṣé kì í ṣe ìjọba? Adésọjí ní ìyẹn yàtọ̀, ó sì bu òkèlè mìíràn.

Iyàn yìí ì bá máa jẹ́ eré lásán, àmọ́ ìjọba fi nǹkan kan sí i. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan máa yẹ ilé-ìwé wò níbẹ̀rẹ̀ táàmù àti nípárí rẹ̀, wọ́n á wọn àwọn ọmọ, wọ́n á dán wọn wò nínú ìwé kíkà. Ilé-ìwé tí oúnjẹ náà ò bá hàn lára àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á gbé ẹyin, ìrẹsì, àti gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ta ni wọ́n sì fi sínú ìgbìmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onímọ̀? Adésọjí. Ìyáàfin Lágúnjú kọ́kọ́ rò pé ire ti wọlé dé. Adésọjí ní kí ẹ̀gbọ́n òun má fi ìyẹn tan ara rẹ̀, òun ò ní ṣojúsàájú, ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ lòun máa kọ.

Òṣùwọ̀n pàápàá ò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tó yẹ kí wọ́n lò wà nínú yàrá kan tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi, ni wọ́n bá lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó. Wọ́n gbé e kọ́ sára ẹ̀ka igi máńgòrò. Wọ́n ń gbé ọmọ sínú àpò, wọ́n ń so ó kọ́, ọmọ ń fì síwá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Àwọn kan tí wọ́n ti wọ̀n tán tún rọra padà sórí ìlà, wọ́n ní wọn ò tíì wọn àwọn. Báyìí ni táàmù bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ táàmù náà pé. Ẹyin dé, funfun báláú, ó kún agbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń pín in lọ́wọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Abdulsalam wọlé, ọkùnrin gíga pẹ̀lẹ́tù kan tí ìjọba rán wá láti máa bójú tó bí wọ́n ṣe ń ná owó tuntun náà. Àwọn ọmọ rí i. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun, sà!" Orí Ìyáàfin Lágúnjú wú. Abdulsalam wo àwọn ọmọ, ó wo ẹyin, ó wo ojú sánmà. Ẹnu rẹ̀ ń múra láti sọ ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú omi ìfọwọ́.

Ó jókòó. Ó jẹun. Ó jẹ ẹyin kan, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìkejì bá ti àkọ́kọ́ mu. Ìyáàfin Lágúnjú dúró bí òpó iná. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì rí irú rẹ̀ rí, pé ọmọdé á kí àgbà, àgbà á sì fi abọ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n àlejò ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní kí Mùnírátù fi omi tútù kún un.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìjọba ronú pé owó tó pọ̀ tó báyìí nílò ojú púpọ̀ tó máa wò ó. Wọ́n rán wolé-wolé kan wá láti yẹ ìmọ́tótó ìdáná wò. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan dé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i dájú pé ẹyin náà jẹ́ ẹyin. Ẹlòmíràn wá tó ń bójú tó àwọn tó ń bójú tó. Gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n aago oúnjẹ nìkan ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n dé. Ẹni tó sì ń wà wọ́n ká, Àjàgbé, ẹyin méjì-méjì ni tirẹ̀, nítorí pé ó jìnnà síbi tí wọ́n ti wá, òun sì lọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ á dìde, "Ẹ wá jẹun, sà! Ẹ wá jẹun, mà!" Wọ́n á wá.

Mùnírátù fi òwú ìránṣọ la ẹyin sí méjì kó lè kárí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó là á sí mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó ń là á bí ẹni ń la kọ́bọ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tó kan Sùmáyà sì tín-ín-rín débi pé ó gbé e sókè, ó ń wo Mùnírátù láti òdìkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa Ọjọ́bọ̀ jẹ.

Ìyáàfin Lágúnjú gbìyànjú. Ó yí aago oúnjẹ padà sí àárọ̀ kùtùkùtù; Àjàgbé gbọ́ òórùn ọbẹ̀, gbogbo wọn dé kí wọ́n tó ro ó tán. Ó ní kí Mùnírátù da ata rodo sí i dáadáa. Ojú àwọn ọmọ ń ṣomi, imú wọn ń ṣomi, àwọn àlejò sì ń sọ pé ìwọ̀nyí ló mọ ọbẹ̀ sè, wọ́n bu kún un. Ó wá dúró níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, ó bi àwọn ọmọ léèrè ní ohùn rara pé bí wọ́n bá pe àgbà wá jẹun, kí ni àgbà máa ń sọ? Àwọn ọmọ dáhùn pé, "Ó á gba ibi ire!" Abdulsalam àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá wọn dáhùn, ohùn tiwọn ló tiẹ̀ ròkè jù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ rere, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn bu ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì.

Ohun kan ló kù tó lè ṣe: kó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn ló fi àáké kọ́rí pé òun ò ní ṣe láéláé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Adésọjí bi í lórí iyán pé ẹyin ńkọ́.

"Wọ́n ń jẹ ẹ́," ni Ìyáàfin Lágúnjú fèsì.

"Àǹtí mi, ta ni wọ́n?"

Adésọjí rẹ́rìn-ín títí ilá fi há a lọ́fun. Ó ní ohun tí òun ń sọ gan-an rèé. Nígbà tí owó kéré, ta ló ń wá wo ẹ̀wà olómi? Owó ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló bí ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Inú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi tó gbé ẹran kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní bí eku bá wà nínú àká, ṣé ìdí rèé tá a ó fi sọ pé àgbàdo ò dára? Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ tán, ó jókòó síwájú abọ́ tí wọn ò tíì kó, ẹ̀rù sì bà á. Táàmù ti ń lọ sópin. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ yìí lọ, ojú títì Ẹdúnàbọ̀n ni Sùmáyà ń padà sí.

Abdulsalam fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn án. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rí Mùnírátù tó tọ́ ọbẹ̀ wò látẹ́lẹ́wọ́. Ó bínú. Pẹ̀lú ẹyin lẹ́nu, ó sọ fún un pé òfin owó yìí kò gba gbẹ̀rẹ́: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé yìí kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ náà kan ahọ́n. Ìyáàfin Lágúnjú gbọ́ ọ. Ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, sà?" Abdulsalam gbé e mì, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ìyáàfin Lágúnjú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ló sì fi dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé, àwọn àlejò dé, àwọn ọmọ pè wọ́n, wọ́n jẹun. Bí wọ́n ṣe ń nu ẹnu ni Ìyáàfin Lágúnjú kúnlẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Abdulsalam, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Kò yé ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àgbà obìnrin ló bẹ̀ ẹ́, ó ṣe é.

"Ó kan etí," Ìyáàfin Lágúnjú ní. "Ẹ ti tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Òfin yín náà ni, sà: akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń jẹ ẹ́. Kíláàsì kejì ni mo fi yín sí."

Wọ́n rò pé eré ni. Ìgbà tí Mojíre, tíṣà kíláàsì kejì, lu agogo, tí àwọn ọmọ sì fi ọ̀wọ̀ di wọ́n lọ́wọ́ mú wọlé, ni wọ́n mọ̀ pé kì í ṣeré. Wọn ò lè sá, nítorí pé bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kí ni wọ́n wá jẹ? Abdulsalam jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Wọ́n yẹ èékánná wò, wolé-wolé nìkan ni wọ́n bá ìdọ̀tí lábẹ́ èékánná rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fọwọ́ lẹ́yìn ilé. Obìnrin ẹlẹ́yin ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mojíre ní kó dìde dúró. Nígbà tí wọ́n bi Abdulsalam ní ìbéèrè kan nípa òjò, tó gbà á, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un pa-pa-pa, ẹ̀rín sì bọ́ lójú rẹ̀ láìmọ̀. Ó pa ẹnu mọ́ kíá. Nígbà tí wọ́n jáde tán, wọ́n pín ìgbálẹ̀ fún wọn bíi ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n sì bu omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyáàfin Lágúnjú kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ní àárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́jọ, kí wọ́n má pẹ́.

Wọ́n láwọn máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Pé àwọn jẹ ẹyin ọmọdé, wọ́n sì fi àwọn sí kíláàsì? Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ojú àlejò kan lẹ́nu géètì. Àjàgbé awakọ̀ nìkan ló yọ. Ó mú búrẹ́dì tirẹ̀ dání, ó mú pẹ́ńsù, ó sì ní bí kò bá ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ẹ̀kọ́ ìsọdipúpọ̀ ni òun wá gbọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni òun ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà èwe òun. Wọ́n fi í sẹ́yìn kíláàsì kó má bàa dí àwọn ọmọ lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni odidi ẹyin ṣe padà sí abọ́ àwọn ọmọ. Mùnírátù ju òwú ìránṣọ nù. Ìyáàfin Lágúnjú ń ka ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa dé, kí àbúrò òun wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Wọ́n dé lọ́jọ́bọ̀ tó parí táàmù. Alhájà Fàòsíyà ni alága wọn, ìyá àgbà kan láti Òṣogbo tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Adésọjí tẹ̀ lé e, ó wọ kóòtù nínú oòrùn. Oúnjẹ ló ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n pè wọ́n. Adésọjí, tí kò kọ oúnjẹ rí láyé rẹ̀, ti ń yí apá kóòtù sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ojú tọ́ka bẹ́ǹṣì kíláàsì kejì fún un. Ó ti gbọ́ ìtàn náà. Ó ní ó á gba ibi ire.

Ìwé kíkà lọ dáadáa. Sùmáyà ka ohun tí wọ́n fún un, ó kà á tán, ó ka orúkọ tó wà lára bírò Alhájà, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sínú kóòtù Adésọjí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní kó kà á. Alhájà rẹ́rìn-ín. Ó ku òṣùwọ̀n.

Wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n kòkó kọ́ sára máńgòrò. Àwọn ọmọ tò. Ọmọ àkọ́kọ́ wọlé sínú àpò, wọ́n so ó kọ́, ó ti wúwo sí i díẹ̀. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Inú Ìyáàfin Lágúnjú ń dùn, ṣùgbọ́n ojú Adésọjí ò sí lára òṣùwọ̀n mọ́. Àpò aṣọ àwọn ọmọ ló ń wò. Gbogbo rẹ̀ ló wú. Gbogbo wọn ló sì fi ọwọ́ bò ó.

Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí mi," ó ní, "òkúta mélòó lẹ kó sí àpò àwọn ọmọ yìí?"

Ìyáàfin Lágúnjú kò kó òkúta kankan. Àmọ́ òun náà rí àpò tó wú, ó sì wo Mùnírátù. Mùnírátù búra, ó ní Wàláhì, òun ò mọ nǹkan kan. Alhájà ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì kan wá sábẹ́ igi, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì kó ohun tó wà lápò rẹ̀ sórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ò fẹ́. Ìyáàfin Lágúnjú ló pàṣẹ, ni wọ́n bá ṣe é. Sùmáyà ló kọ́kọ́ fọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé ẹyin kan lé orí tábìlì. Wọ́n ti bó o, wọ́n fi ìwé àjákọ wé e. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gbé ẹyin jáde nínú ọ̀rá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹyin. Ọ̀kan wà tí eyín ti kàn díẹ̀ lápá kan, tí ẹni tó ni ín sì ronú pìwà dà. Tábìlì kún. Ẹyin ọ̀sẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ yẹn, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló ti jẹ tirẹ̀.

Òfin tó wá pẹ̀lú owó náà ni pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Ilé-ìwé tí tirẹ̀ bá ń jáde, wọ́n á gbà á. Ìyáàfin Lágúnjú mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìjà tó fi ọ̀wọ̀ àti ọgbọ́n jà ló ti dòfo níṣojú rẹ̀, àwọn ọmọ tó jà fún ló sì tú àṣírí. Ó fẹ́ bínú, inú ò bí i.

"Sùmáyà," ó ní, "kí ló dé tí o ò jẹ ẹyin rẹ?"

"Ti Hàlímàt ni, mà."

"Ta ni Hàlímàt?"

"Àbúrò mi ni, mà. Òun ò tíì tó wá sílé-ìwé. Èmi ti jẹ ìrẹsì." Ó tún ìwé tó fi wé ẹyin náà ṣe. "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màámi ló jẹ ẹ́."

Ọmọ tó ni ẹyin eléyín ní ti àwọn ìbejì nílé ni tòun, òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni. Òmíràn ní ti bàbá òun. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtẹríba, láìsí ẹni tó bi wọ́n mọ́. Adésọjí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí kóòtù nù ún. Ó nù ún pẹ́.

Alhájà Fàòsíyà bi í pé òun onímọ̀ ńkọ́, kí ni kí àwọn kọ? Ṣé owó yìí ń ṣiṣẹ́ ni àbí kò ṣiṣẹ́?

Ìyáàfin Lágúnjú wo àbúrò rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Bó bá bẹ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé òun á sunkún.

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà," ni Adésọjí dáhùn. "Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta-mẹ́rin ló wà nídìí ẹyin kan. Ẹ kọ ọ́ pé owó náà ò tó."

Alhájà kọ ọ́, kò sì kọ nǹkan kan nípa àpò. Ìyáàfin Lágúnjú, tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àbúrò rẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, kò rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé ẹyin padà fún àwọn ọmọ, Adésọjí sì ń bá a wá ọ̀rá tí kò já.